Rírà ọjà lórí Jumia láti Ìkòròdú: àdírẹ́sì, olùtajà, owó àti dídá ọjà padà

Ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú tó ń ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́ta wá ibi tí ọjà ti fi igba náírà dínwó, wọ́n á wá fi ìkánjú kọ àdírẹ́sì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyọnu ọjà íntánẹ́ẹ̀tì ládùúgbò wa, ẹni tí a ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ìkẹta sì ni pé ẹrù dé, a ò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà.

Jumia la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, láti ọdún 2012 ló sì ti ń tajà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò á mọ Konga náà lò. Jiji ni kò sí lára wọn: pátákó ìkéde ni Jiji, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ló ń pàdé ara wọn. Ẹni tó bá sanwó ọjà Jiji sílẹ̀ kó tó fojú rí ọjà náà, orí ló ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹnu ọ̀nà

Ẹ gba áàpù Jumia lórí Play Store tàbí App Store, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ jumia.com.ng sínú Chrome. Ẹ má gba orí líǹkì WhatsApp wọlé, ìbáà ṣe àbúrò yín ló fi ránṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé wọ́n ń pín fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn, iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn https:// títí dé ìlà wíwọ́ (/) àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn tàbí ìlà kékeré (-) lẹ̀ mọ́ jumia.com.ng, yálà níwájú ni o tàbí lẹ́yìn, ẹ jáde. “www.” nìkan ni kò burú níwájú rẹ̀.

Tí ẹ bá ń ṣí àkáǹtì, orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ yín ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe orúkọ Facebook. Nọ́ńbà tó máa ń wà ní títàn ní gbogbo ìgbà ni kí ẹ kọ. Ẹni tó ń gbé ẹrù bọ̀ á pè yín, tó bá pè títí tí kò wọlé, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò bá yín, ẹrù á sì padà sí ibi tó ti wá. Nítorí náà, ẹ má kọ nọ́ńbà síìmù tó wà nínú MiFi.

Àdírẹ́sì: ẹ fara balẹ̀ níbí

Jumia á kọ́kọ́ bi yín ní ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà á gbé àtẹ àwọn ìlú àti àdúgbò síwájú yín. Ẹ ka gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ Ìkòròdú kí ẹ tó mú ọ̀kan. Ìdí ni pé Ikorodu Road kì í ṣe Ìkòròdú. Ọ̀nà tó gba Jibowu, Fadeyi, Maryland, Ojota àti Ketu kọjá ni. Ẹni tó bá mú un ní ìkánjú, ẹrù rẹ̀ lè wà ní Palmgrove nígbà tí òun ń retí rẹ̀ ní Ìtá Ẹlẹ́wà.

Orúkọ méjì mìíràn tún wà tó ń ṣi ẹrù lọ́nà. Sábó wà ní Yábàá, Sábó wà ní Ìkòròdú. Agric wà lọ́dọ̀ wa ní ẹ̀gbẹ́ Ọwútù, Agric tún wà ní Ọjọ́ lójú ọ̀nà Badagry. Ẹ má kọ “Agric, Lagos” kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ kọ “Agric, Owutu, Ikorodu”.

Ẹ̀yin ará Ògíjó, ẹ̀yin gan-an la fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, Ìkòròdú lẹ ń ná ọjà, Ìkòròdú lẹ sì ń sọ fún àlejò, àmọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ògíjó wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù. Tí ẹ bá mú ìpínlẹ̀ Èkó, owó gbígbé tí wọ́n bù fún yín kò bá ibi tí ẹ wà mu, ẹni tó ń gbé ẹrù sì lè kọ̀ láti kọjá ààlà. Ohun tó rọrùn jù fún yín ni kí ẹ yan ibùdó ìgbẹ́rù kan, tí wọ́n ń pè ní “pickup station”, láàárín Ìkòròdú, kí ẹ lọ gbà á níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbé e wá sílé, ẹ kọ ọ́ báyìí: nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, ọ̀nà ńlá tí òpópónà náà yà kúrò lára rẹ̀, bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tí a ti ń sọ̀kalẹ̀, àmì kan, àdúgbò, lẹ́yìn náà Ikorodu. Ọ̀nà ńlá yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí Unity Street àti Peace Estate tó wà láàárín Odógunyàn àti Ìgbógbó kò ṣeé kà. “Off Ijede Road” tàbí “off Isawo Road” ló ń yanjú rẹ̀. Àmì tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kì í ṣípò: mọ́ṣáláṣí, ilé epo, ilé ìwé, tiransifọ́mà. Ìyá oníbọ́ọ̀lì kì í ṣe àmì. Bí òjò bá ti ṣú, ìyá ti gbé àdògán wọlé. Bí àdúgbò yín bá ní géètì tí wọ́n ń tì lọ́sàn-án, ẹ kọ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé ilé ni kí wọ́n gbé e wá ni, àbí ibùdó ìgbẹ́rù? Lójú tiwa, ibùdó ló dára jù fún ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú. Owó rẹ̀ máa ń dín sí ti gbígbé wálé. Nínú òjò, ọ̀nà Bàyékù, Gbẹ́rìgbẹ́ àti àwọn inú-inú Ìmọ́tà kò ṣeé fi lé alùpùpù tó ru ẹrù lọ́wọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ló máa wá gba ẹrù ní aago kan ọ̀sán? Kò pọn dandan kí ibùdó tí ẹ máa yàn wà ní Ìkòròdú. Tí ohun kékeré bá ni, bí íàpíìsì, aago tàbí ìwé, ẹ yan ibùdó tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ yín ní Ìkẹjà tàbí Yábàá, kí ẹ fi sínú báàgì bọ̀ nílé. Tẹlifíṣọ̀n àti gáàsì ìdáná ni kí ẹ jẹ́ kó wá sí ìtòsí ilé, torí kò sí bí ẹ ṣe máa gbé páálí ńlá wọ dáńfó ní Mile 12 nírọ̀lẹ́ tí kò ní bàjẹ́.

Bí ẹrù bá dé ibùdó, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Ọjọ́ tó máa kúrò níbẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ kà á. Wọn kì í fi ẹrù pa mọ́ títí láé.

Ẹni tó ń tà á

Jumia kọ́ ló ni ọ̀pọ̀ ọjà tó wà lórí Jumia. Ọjà ńlá ni, àwọn oníṣòwò ló gba ìsọ̀ níbẹ̀. Fóònù kan náà lè wà lọ́wọ́ olùtajà márùn-ún ní iye márùn-ún. Nítorí náà, ẹ yí ojú ewé ọjà náà wá sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí orúkọ olùtajà àti máàkì tí wọ́n fún un.

Ẹ wá àmì mẹ́ta yìí. “Official Store” túmọ̀ sí pé ìsọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà náà tàbí ti aṣojú rẹ̀ ni. Fún fóònù, fíríìjì àti ohunkóhun tó ní ìwé àdéhùn àtúnṣe, ẹ má kúrò níbẹ̀ nítorí owó díẹ̀. “Jumia Express” túmọ̀ sí pé ọjà ti wà nínú ilé ìkẹ́rùsí Jumia, ó máa ń tètè dé. “Shipped from abroad” túmọ̀ sí pé òkè òkun ló ti ń bọ̀, Ṣáínà ló pọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń gbà, wọ́n sì lè ní kí ẹ sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi aṣọ ṣe ayẹyẹ ní Sátidé tó ń bọ̀ kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ohun tí àwọn tó ti rà á sọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí oníràwọ̀ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ “nice product” kí wọ́n tó tú páálí. Oníràwọ̀ mẹ́ta ló ń sọ òótọ́ jù: wọ́n ti lò ó, wọ́n á sọ ohun tó dára, wọ́n á sọ ohun tó kù. Tí ẹni mẹ́rin bá ń ké nípa àléébù kan náà, ẹ gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ tún ka “What's in the box”. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, kò sí nínú páálí, bí ó tilẹ̀ wà nínú àwòrán. Tẹlifíṣọ̀n lè máà ní irin tí a fi ń so ó mọ́ ògiri, gáàsì ìdáná lè máà ní rọ́bà àti “regulator” rẹ̀. Ẹ ṣírò iye àwọn yẹn mọ́ ọn.

Ní ti iye owó, ẹ gbàgbé iye àtijọ́ tí wọ́n fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Iye tí wọ́n ń tà á ní Sábó, ní Computer Village tàbí ní Alaba ni kí ẹ fi wé e. Bí ọjà bá jẹ́ ₦4,500, tí gbígbé rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,500, ₦6,000 ni ẹ ń rà á. Owó gbígbé kì í jáde dáadáa títí ẹ ó fi dé “Checkout”, nítorí náà ẹ tẹ̀ síwájú dé ibẹ̀ kí ẹ tó ní ẹ ti rí ọjà pọ́ọ́kú. Ti oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń pè ní Black Friday, ẹ kọ iye ọjà tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Nígbà náà lẹ máa mọ̀ bóyá wọ́n dín in kù lóòótọ́ tàbí wọ́n kàn gbé iye àtijọ́ sókè.

Àwọn ọjà tó ń dá èèyàn lóró

Power bank ló síwájú. Ẹ rí “20,000mAh”, inú yín dùn. Bátìrì inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní 3.7V, fóònù sì ń gbà á ní 5V. 20,000mAh ní 3.7V jẹ́ 74Wh, ìyẹn àpapọ̀ agbára iná tó wà nínú rẹ̀. Ẹ pín 74 sí 5, ó di 14,800mAh. Ooru àti wáyà á tún jẹ bíi ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó kù kò ju bíi 13,000mAh lọ. Fóònù oní-5,000mAh á kún bíi ẹ̀ẹ̀mejì àbọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ayédèrú. Ohun tó yẹ kí ẹ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni “rated capacity”, òun ni iye tó máa jáde gan-an.

Ayédèrú fúnra rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù tó máa gbé 74Wh nìkan ti ń tó 300 gíráàmù, láì tíì ka ike rẹ̀. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n tí àwọn oníkéèkì ń lò. Tó bá jẹ́ 150 gíráàmù, irọ́ ni 20,000 tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 50,000mAh sí lára, tó sì wọ àpò ṣòkòtò, kò yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n rárá.

Fláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á tún ọpọlọ káàdì náà kọ kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 2TB, nígbà tó jẹ́ pé 32GB tàbí 64GB ló wà nínú rẹ̀. Ó máa gba fáìlì, kò ní ké, orúkọ fáìlì á hàn. Àmọ́ tí ẹ bá dé orí èyí tó kọjá agbára rẹ̀, kò ní ṣí. Àwọn fọ́tò ìgbéyàwó tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ tó bá dé, ẹ fi áàpù H2testw dán an wò lórí kọ̀ǹpútà Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux. Á kún un, á sì kà á padà láti wò bóyá ohun tó kọ ló bá níbẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, kó ki fídíò ńláńlá sí i títí yóò fi kọjá ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kó sì ṣí ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn.

Bàtà: nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, ẹ fa ìlà sí iwájú ìka tó gùn jù. Ẹ wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi 1.5 kún un, ẹ sọ àpapọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po 1.5. Ẹsẹ̀ 26.5 di 28, 28 di 42: sáìsì 42 ti Yúróòpù nìyẹn. Tí olùtajà bá gbé àtẹ sẹ̀ǹtímítà tirẹ̀ síta, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Aṣọ tó ti Ṣáínà wá máa ń kéré. Ẹ wo ìwọ̀n àyà àti ìbàdí, kì í ṣe lẹ́tà L tàbí XL.

Owó sísan

Káàdì ATM wà, tíránsífà wà, “pay on delivery” náà wà fún àwọn ọjà kan àti àwọn àdúgbò kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé “pay on delivery” ni kí a tú ẹrù wò ká tó sanwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó tú u. Ohun tó ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹrù tí kò dé rárá. Kò gbà yín lọ́wọ́ ẹrù tó dé tí kò dáa.

Bí ẹ bá fẹ́ fi tíránsífà san, àkáǹtì tó jáde lójú áàpù nìkan ni kí ẹ fi owó sí. Tí ẹni tó gbé ẹrù wá bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, pé kí ẹ fi sí Opay òun, ẹ má ṣe é, bó ti wù kó máa bẹ̀bẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó nílò OTP (kóòdù tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí fóònù yín) tàbí PIN yín láti fi “ṣí ẹrù”. Ó sì dára kí ẹ ní àkáǹtì kékeré kan tí kò ní ju owó ọjà lọ nínú, kí ẹ fi káàdì rẹ̀ máa rà.

Tí wọ́n bá yọ owó, tí ọjà kò sì hàn, ẹ má tún un san. Ẹ kọ́kọ́ wo “Orders”, nígbà mìíràn ó ti wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ ṣí rìsíìtì tíránsífà náà nínú áàpù báǹkì, ẹ wá “Session ID”. Nọ́ńbà gígùn tó ní òǹkà 30 ni. Òun ni báǹkì àti Jumia lè fi tọpa owó. Fọ́tò àtẹ̀jíṣẹ́ “Debit” nìkan kì í tó wọn.

Lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé

Ẹ wo orúkọ ara páálí, ẹ wo téèpù rẹ̀. Tí wọ́n bá ti já a rí tí wọ́n tún lẹ̀ ẹ́, ẹ má gbà á.

Ẹ fi fóònù ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má sì dá fídíò náà dúró títí ohun gbogbo ó fi jáde. Fídíò tí wọ́n gé láàárín kò ní agbára. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ni, ẹ tú u lójú ẹni tó gbé e wá, ẹ tàn án. Ojú tẹlifíṣọ̀n tó fọ́ nínú lè máà hàn bí kò bá sí iná. Fóònù: ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà olóǹkà 15 tó bá jáde, tí wọ́n ń pè ní IMEI, gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu.

Fíríìjì kò gbọ́dọ̀ jẹ iná lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ gbé e wá, òróró inú kọ̀ǹpíréṣọ̀ ti ṣàn wọ inú páìpù. Ẹ gbé e dúró, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán. Tó bá pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí iná bá sì rẹlẹ̀, ẹ dúró dè é tàbí kí ẹ fi sítábílásà sí i.

Dídá a padà

Ọjọ́ méje lẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ gbà á, fún ọjà tó bá ṣeé dá padà. Ojú ewé ọjà kọ̀ọ̀kan ló sọ èyí tó ṣeé dá padà. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ohun ìṣaralóge tí ẹ ti ṣí, ẹ má retí rẹ̀.

Ẹ lọ sí “Orders”, ẹ tẹ ọjà náà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ dídá padà sí. Ìdí tí ẹ bá yàn ṣe pàtàkì: “kò ṣiṣẹ́” yàtọ̀ sí “kì í ṣe ohun tí mo rà”, méjèèjì sì yàtọ̀ sí “kò wù mí mọ́”. Ẹ fi fọ́tò sí i. Ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ kí owó padà sí. Tó bá jẹ́ àkáǹtì báǹkì, kó jẹ́ ti orúkọ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí: ṣájà, wáyà, ìwé, títí kan ọ̀rá. Tí ẹ bá gbé e lọ sí ibùdó, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á.

Ohun tó ń mú kí wọ́n kọ̀ ọ́: ṣájà tí kò pé, ojú fóònù tó ti ní ìfarapa, àti fóònù tí àkáǹtì Google ẹni tó rà á ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ àkáǹtì Google kúrò nínú “Settings”, kí ẹ tó nu fóònù náà. Bí ẹ bá nù ún láìyọ ọ́, fóònù á máa bèèrè páásíwọ́ọ̀dù yín lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì dá a padà fún yín. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni owó máa ń wọlé, kì í ṣe lójú ẹsẹ̀.

Tí ọjọ́ méje bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fún Tecno, Infinix àti itel, Carlcare ló ń tún wọn ṣe, ẹ ó rí wọn ní Ìkẹjà. Ẹ mú páálí tó ní IMEI, ìwé àdéhùn àti rìsíìtì tó wà nínú ímeèlì yín dání. Ojú fóònù tó fọ́ àti omi tó wọ inú rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn yẹn. Owó yín lẹ máa fi tún un ṣe.